Sọ fún Báǹkì Pé O Mọ̀ Mí

Ilé Fámúrewá,
Ẹ̀yìn Ẹ̀rọ Ìrẹsì,
Ìgbẹmọ-Èkìtì.

Bùsáyọ̀, Àjàní ọmọ mi,

Báwo ni gbogbo nǹkan ní Àbújá? Ṣé ò ń jẹun yó? Ṣé ẹ̀yìn tó máa ń dùn ọ́ ti fi ọ́ lọ́rùn sílẹ̀? Ọlọ́run tó sìn ọ́ jáde nílé yóò sìn ọ́ wọlé láyọ̀. O ò ní rìn lọ́jọ́ tí ebi ń pa ọ̀nà. Ọwọ́ rẹ ò ní kan ẹrù olẹ́rù, ẹnikẹ́ni ò sì ní pè ọ́ lólè láyé. Àdúrà ìkẹyìn yìí, ṣe àmín rẹ̀ dáadáa, torí òun gan-an ni mo torí ẹ̀ kọ̀wé.

Bí o bá ń bèèrè ilé, a wà. Ìrẹsì ọdún yìí yọmọ. Òrùlé ilé ìdáná tí ìjì ṣí, wọ́n ti kàn án padà. Adìẹ rẹ tí o fi sílẹ̀ ní Kérésì ń tòògbé, a sì pa á jẹ kó tó kú mọ́ wa lọ́wọ́, má bínú. Dùnmínínú, ọmọ ilé kejì wa tó ń ṣe àgùnbánirọ̀ níbẹ̀ yẹn, ni mo fi ìwé yìí rán. Fún un lóúnjẹ kó tó lọ o.

O lè máa wò ó pé kí ló dé tí màámi ò fi pè mí. Mo pè ọ́ títí ọwọ́ fi ń ro mí. Obìnrin kan ló máa ń gbé e, Gẹ̀ẹ́sì ló ń sọ, ohùn rẹ̀ tutù. Mo kí i, mo ní ìyá rẹ ni mo jẹ́, mo bi í pé ọmọ ta ni, ọ̀rọ̀ kan náà ló ṣáà ń tún sọ. Bó bá jẹ́ òun lo fẹ́ mú wálé, èmi ò kọ̀, ṣùgbọ́n kọ́ ọ pé bí ìyá ọkọ bá ń sọ̀rọ̀, èèyàn a máa dákẹ́ gbọ́ ná.

Jẹ́ kí n rò ó fún ọ bó ṣe ṣẹlẹ̀. Fóònù mi àtijọ́ kó sínú àgbá ìrẹsì. Mo bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ láti wò ó bóyá ìrẹsì tí mo rẹ ti wú, fóònù yọ́ láti àyà mi, ó rì. Mo sá a pọ̀ mọ́ ìrẹsì, ìrẹsì gbẹ, fóònù ò jí. Tìmílẹ́yìn, ọmọkùnrin oní POS tó wà lẹ́nu ọ̀nà ọjà wa, ló bá mi ra òmíràn, òun náà ló sì ní kí n lọ ṣí àkáǹtì tèmi ní Adó, kí n yéé gba owó ìrẹsì mi sórí tòun.

Ní báǹkì, ọmọbìnrin kan tó ń jẹ́ Olúfúnkẹ́ bi mí pé kí lorúkọ mi. Bùsáyọ̀, ọ̀rọ̀ yẹn dá mi dúró. Ó ti pẹ́ tẹ́nikẹ́ni ti bi mí. Nílé bàbá rẹ, Ìyàwó ni wọ́n ń pè mí kí n tó bí ọ. Nígbà tí mo bí ọ, mo di Ìyá Bùsáyọ̀. Ní ṣọ́ọ̀ṣì, Màmá Dọ́káàsì. Ìwọ ní màámi. Ni mo bá fún un ní èyí tí bàbá mi sọ mí, Mojísọ́lá, mo sì fi Ọlálérè, orúkọ bàbá mi, tì í. Ọmọ náà kọ ọ́ sílẹ̀, ó wá pè é sókè kí gbogbo wọn gbọ́. Ṣe ló dà bíi pé ìyá mi ló ń pè mí láti ẹ̀yìnkùlé, mo fẹ́rẹ̀ẹ́ dìde lọ pọnmi. Wọ́n ya fọ́tò mi, wọ́n tẹ̀ mí níka, mo bá padà sí Ìgbẹmọ bí ọmọge.

Ìwọ ni mo kọ́kọ́ fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́ sí. Èmi ń sọ ọ́, Tìmílẹ́yìn ń tẹ̀ ẹ́. Mo ní ìyá rẹ nìyí, nọ́ńbà mi tuntun nìyí, ti àtijọ́ ti kú sómi. Mo ní má pè mí o, torí ẹnu fóònù tuntun náà ò tíì là dáadáa. Mo ní kí o yára fi owó tapólì tí n ó fi sá ìrẹsì sínú àkáǹtì Mojísọ́lá Ọlálérè kí òjò tó dé. Mo ní má sọ fún ẹnikẹ́ni, torí n kò fẹ́ kí àwọn ìyàwó ilé mọ̀ pé mo ń ra tapólì, wọn yóò ní kí n yá àwọn. Mo ní Ọlọ́run yóò bù kún ọ. Jọ̀ọ́, kí ló burú nínú ìyẹn? O fi owó náà ránṣẹ́ lọ́jọ́ yẹn gan-an, mo jó. Nígbà tílẹ̀ mọ́ tí mo dé ọjà, tapólì ti gbówó lórí, ni mo bá tún kọ̀wé pé ó ku díẹ̀, kí o tètè ṣe é. Látìgbà náà ni n kò ti gbúròó rẹ mọ́.

Kò pẹ́ sígbà náà, mo fẹ́ gbowó lọ́dọ̀ Tìmílẹ́yìn, káàdì mi kọ̀. Mo wọkọ̀ lọ Adó. Olúfúnkẹ́ wo kọ̀ǹpútà rẹ̀, ojú rẹ̀ yí padà, ó wá rọra sọ fún mi pé ẹnì kan ti fẹjọ́ mi sùn, pé wọ́n ti fi ìkìlọ̀ sára orúkọ mi pé oníjìbìtì ni mí, owó mi ò lè jáde, báǹkì yòówù kí n lọ ló sì máa rí i. Owó ìrẹsì tó há síbẹ̀ dùn mí, n kò ní purọ́. Ṣùgbọ́n orúkọ yẹn! Orúkọ tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ jáde nínú àpótí, tí n kò tíì lò gbó, ni wọ́n ti da eérú sí.

Mo bi í pé ta lẹni náà. Ó ní òfin ò gbà kí òun sọ. Mo ní kò burú, mo jókòó. Ìwọ náà mọ̀ pé ní ulé wa, ẹni tó bá pè ọ́ lólè gbọ́dọ̀ wá wí i lójú rẹ níwájú àgbà àdúgbò, kí ìwọ náà wí tìrẹ. Mo rò pé wọ́n ti ránṣẹ́ pè é ni. Mo jẹ iṣu tí mo gbé dání, mo bù fún ọkùnrin tó ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà. Wọ́n fẹ́ẹ́ tilẹ̀kùn kí Olúfúnkẹ́ tó wá bi mí pé ta ni mò ń retí. Mo ní ẹni tó fi mí sùn ni. Ó ní kí n máa lọ sí ilé. Mo ní n kò ní lè dé ulé mi kí n jókòó jẹ́jẹ́. Ọmọ náà rẹ́rìn-ín, ó ní bí ìyá òun ní Ìjan ṣe máa ń pe ilé nìyẹn, ó sì sìn mí dé ibi tí mo ti wọkọ̀. Ọmọ dáadáa ni.

Ìgbà tí mo máa padà lọ, mo kó ẹlẹ́rìí dání. Ẹgbẹ́ ìyá ṣọ́ọ̀ṣì wa bá mi lọ, gbogbo wa wọ sùtánà funfun, a bọ́ bàtà sẹ́nu ọ̀nà báǹkì. Wọ́n tò sẹ́yìn ara wọn. Ẹni tó bá kan kóńtà a ní òun mọ̀ mí, òun ò ká olè mọ́ mi lọ́wọ́ rí, a sì yà fún ẹni tó kàn. Ọkùnrin kan tó wá gbowó, tó wà lẹ́yìn wọn, ní òun náà mọ̀ mí, kí wọ́n ṣáà jẹ́ kí ìlà lọ. Máníjà jáde, ó kí wa dáadáa, ó ní ẹ̀rí ìwà yàtọ̀ sí ẹ̀rí owó. Ó ní kí n kọ̀wé ta ko ìkìlọ̀ náà, wọn yóò yẹ̀ ẹ́ wò, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ẹni tó fẹjọ́ sùn ni yóò parí rẹ̀.

Ìyẹn ló jẹ́ ká gbé e lọ síwájú Ọlọ́run. Àjàní, forí jì mí. Wòlíì ní ká gbààwẹ̀, a gbà á. A ka sáàmù tó le. Mo ní kí ahọ́n ẹni tó pè mí lólè wú kún ẹnu rẹ̀. Mo ní kó má rí oorun sùn. Mo ní kí ara máa yún un. N kò sọ ibi tí yóò ti máa yún un, mo fi ìyẹn sílẹ̀ fún Ọlọ́run.

Lọ́jọ́ tí mo gbé ìwé mi lọ, Olúfúnkẹ́ ní kí n ṣàlàyé owó tó dá wàhálà sílẹ̀. Mo ní owó wo? Ó tẹ ìwé àkáǹtì mi jáde, ó fìka lé ìlà kan, ó ka orúkọ ẹni tó fi owó náà ránṣẹ́ sí mi. Ó ní Fámúrewá Olúwabùsáyọ̀. Mo ní kó tún un kà, ó tún un kà.

Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi. Nígbà tó yá, ẹ̀rín tán, omi ò dúró. Mo ní eléyìí? Èmi ni mo bí eléyìí! Ó ní kí ni ẹ̀rí. Mo ní kó sún mọ́ mi kí n káṣọ sókè, kó rí ibi tí dókítà là kí wọ́n tó gbé ọ jáde. Ó bojú, ó ní kí n dákun, kámẹ́rà wà lókè.

Mo ti sáré lọ bá Wòlíì. Ó ní àdúrà tó ti lọ ò ṣeé fà padà, ṣùgbọ́n òun ti rán òmíràn tẹ̀lé e, èyí tó yára ju ti àkọ́kọ́ lọ. Síbẹ̀, bí ahọ́n rẹ bá wú díẹ̀, fi omi iyọ̀ lílọ́wọ́ọ́wọ́ yọ ẹnu. Bí ibì kan bá sì ń yún ọ, àdín ni kí o fi pa á.

Tìmílẹ́yìn ní kí òun fi fóònù òun pè ọ́, mo kọ̀. Nọ́ńbà tuntun mìíràn, ẹni tí ń wí pé òun mọ ìyá rẹ: o ò ní pẹ́ fi òun náà sùn, bẹ́ẹ̀ owó olówó ló wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ìwé ni mo yàn, torí ìkọ̀wé mi yìí, tó ń wọ́ kọ́lọkọ̀lọ bí ọ̀nà oko, kò sí gbájúẹ̀ tó lè jí i. O mọ̀ ọ́n, òun ni mo fi kọ orúkọ rẹ sẹ́yìn ìwé rẹ nígbà tí o wà ní kékeré.

N kò bá ọ jà. Tìmílẹ́yìn ní bí àwọn gbájúẹ̀ ṣe ń kọ̀wé gẹ́lẹ́ nìyẹn, pé o gbọ́n ni. Mo ní kí ló dé tí kò sọ bẹ́ẹ̀ nígbà tó ń tẹ̀ ẹ́, ó ní èmi ni mo ní kí òun má fi ọ̀rọ̀ kún ọ̀rọ̀ mi. Inú mi tiẹ̀ dùn pé wọn ò lè rí ọmọ mi gbá lójú. Ohun kan ṣoṣo ló máa ń wá sọ́kàn mi bí mo bá ń ṣa òkúta ìrẹsì. O rò pé olè ti gba fóònù lọ́wọ́ ìyá rẹ, báǹkì lo sáré lọ bá. O ò rán ẹnikẹ́ni wá wò ó bóyá mo wà láàyè. O rí orúkọ mi lójú fóònù rẹ, o kà á, o ò mọ ẹni tó ń jẹ́ ẹ. Ó dùn mí, Bùsáyọ̀. Ṣùgbọ́n n kò sọ ọ́ fún ọ rí, ìwọ náà ò sì bi mí rí.

Iṣẹ́ tí mo wá rán ọ nìyí. Mú ìwé yìí dání lọ sí báǹkì tó bá sún mọ́ ọ, sọ fún wọn pé Mojísọ́lá Ọlálérè kì í ṣe olè, ìyá rẹ ni, o mọ̀ ọ́n. Mo mọ̀ pé ọmọ kì í la orúkọ ìyá rẹ̀ mọ́lẹ̀ láàárín èèyàn, mo gbà ọ́ láyè. Kọ́kọ́ pè é nínú yàrá rẹ ná, kó má baà kọ́ ọ lẹ́nu níwájú wọn.

Owó tapólì tó kù, mo ṣì ń fẹ́ ẹ, òjò ò dúró de ẹnì kan. Fi owó ọkọ̀ tí mo fi ń lọ Adó kún un, àti ti àbẹ́là tí Wòlíì fi rán àdúrà kejì. Má fi ránṣẹ́ sí àkáǹtì kankan o. Gbé e wá fúnra rẹ, kí n rí bí ahọ́n rẹ ṣe rí.

Ọlọ́run yóò pa ọ́ mọ́ fún mi. Níbikíbi tí wọ́n bá ti ń wádìí orúkọ rẹ, ẹnì kan yóò dìde níbẹ̀ tí yóò ní òun mọ̀ ọ́. Àmín.

Èmi ni,
Mojísọ́lá Ọlálérè,
màámi rẹ.