Àmì Mẹ́rin Nínú Ìwé Orúkọ

Ẹ kú ilé o, Màmá mi. Ẹ kú ìtọ́jú Bàbá. Ẹ bá mi kí wọn, orúnkún tó ń dùn wọ́n á fúyẹ́. Ẹ kú ìdúró de lẹ́tà mi náà.

Láràárọ̀, kí n tó lọ sí iléèwé, mo máa ń jókòó sórí búlọ́ọ̀kù kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ pápá bọ́ọ̀lù. Màá fi etí aṣọ mi nu ọwọ́, kí òógùn má ba bébà jẹ́. Màá ṣí ìwé orúkọ, màá gbé rúlà lé e, màá fa ìlà ọjọ́ náà. Bí agbábọ́ọ̀lù kọ̀ọ̀kan bá ṣe ń dé, màá sàmì síwájú orúkọ rẹ̀. Ẹni tí kò bá wá, àyè tirẹ̀ á wà lófìfo. Ọ̀dọ̀ yín ni mo ti kọ́ ọ, nígbà tí ẹ jẹ́ akọ̀wé ẹgbẹ́ obìnrin ní ṣọ́ọ̀ṣì.

Kóòṣì ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù obìnrin kan nítòsí yàrá mi ní àdúgbò Igbudu níhìn-ín ló rí ọwọ́ ìkọ̀wé mi, tó bẹ̀ mí níṣẹ́ náà. Mo gbà nítorí pé mi ò mọ ẹnikẹ́ni. Òjò ìlú yìí kì í fẹ́ dá. Pijin ni gbogbo wọn ń sọ. Kí n tó ronú èsì, wọ́n á ti rẹ́rìn-ín tán. Àwọn ọmọ Yorùbá tí mo bá ní ṣọ́ọ̀ṣì pàápàá, Pijin ni wọ́n fi ń dá mi lóhùn.

Kẹ́fẹ̀ nìkan ló ń jókòó tì mí. Aṣọ́lé ẹgbẹ́ náà ni, ọmọ Agbassa, àdúgbò tó kángun sí tiwa. Màdáámù Bíró ló ń pè mí, á sì fi ìbọ̀wọ́ rẹ̀ tó tutù gbá mi léjìká.

Bọ́ọ̀lù ni iṣẹ́ wọn, ṣùgbọ́n kì í ṣe owó ló dá wọn dúró. Òfin kan ni: ẹni tó bá ní àmì márùn-ún lọ́sẹ̀ ni yóò kọ́kọ́ wọ pápá ní Sátidé. Bí ẹni méjì tó ń gba ipò kan náà bá ní i, kóòṣì á yan ọ̀kan.

Ní ọ̀sẹ̀ méjì sẹ́yìn, ọmọ ẹ̀gbọ́n alága ẹgbẹ́, tí òun náà jẹ́ aṣọ́lé, wá ní Fúráìdeè nìkan. Kóòṣì pè mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó ní kí n sàmì sí ọjọ́ mẹ́rin yòókù fún un. Mo wò ó. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní bíró kì í ṣe àdá, kò lè ṣá ẹnikẹ́ni. Màmá, mo ṣí ìdérí bíró. Mo sàmì náà.

Ní Sátidé, Kẹ́fẹ̀, tó fi ibà wá ní Túsìdeè, jókòó sórí bẹ́ǹṣì títí eré fi parí. Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́ pé ẹ̀bi bàbá rẹ̀ ni, tí kò wá alága kan fi ṣe àbúrò. Ó bá wọn rẹ́rìn-ín. Ní Mọ́ńdeè, ó gba ìwé lọ́wọ́ mi, ó fi ìka tọ àmì mẹ́rin yẹn lọ́kọ̀ọ̀kan, ó bi mí bóyá èmi ni. Mo ní èmi ni. Ó ní ẹgbẹ́ kẹta tí òun máa fi sílẹ̀ nìyí, ebi kọ́ ló sì lé òun kúrò nínú èyíkéyìí. Ó ní ti kóòṣì kò ya òun lẹ́nu. Òun kàn rò pé bíró tèmi kò ní purọ́ ni. Kò pè mí ní Màdáámù Bíró mọ́.

Láti ọjọ́ náà, iwájú orúkọ rẹ̀ ṣófo. Àwọn méjì mìíràn ti tẹ̀ lé e. Kóòṣì ń ráhùn pé agbábọ́ọ̀lù òde òní kì í dúró, pé táyà ló wà lẹ́sẹ̀ wọn. Mo gbọ́, mo fa ìlà mi.

Ṣé ẹ rántí ọjọ́ tí Bàbá ṣàìsàn, tí ẹ pẹ́ dé ìpàdé? Ẹ kọ orúkọ ara yín mọ́ ti àwọn tó pẹ́. Wọ́n ní kí ẹ pa á rẹ́, ẹ ní bí ẹ bá fojú fo tiyín, ta ni yóò gba èyí tí ẹ kọ nípa ẹlòmíràn gbọ́? Ìdí nìyẹn tí mo fi fún ìwé ìròyìn ní lẹ́tà yìí, kí wọ́n tẹ̀ ẹ́ jáde fún gbogbo ayé. Bí mo bá kọ ọ́ sí ẹ̀yin nìkan, kíá lẹ máa dárí jì mí.

Ọlọ́run á dá yín sí fún wa, ilé wa kò ní dahoro. Ẹ kí Ìyá Àgbà. Ẹ kí Bùkọ́lá, kó má wọ bàtà mi o.

Lọ́la, màá ti wà ní pápá kí kóòṣì tó dé. Lójú gbogbo wọn ni màá fi bíró pupa fa ìlà sórí àmì mẹ́rin náà, màá sì kọ orúkọ mi sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Bí wọ́n bá gba ìwé lọ́wọ́ mi, ó tọ́. Lẹ́yìn náà, màá rìn dé Agbassa, bóyá Kẹ́fẹ̀ kò tíì di ẹrù rẹ̀ tán láti lọ bá ẹgbẹ́ mìíràn.

Èmi ni ọmọ yín,
Mopélọ́lá