Gáàsì Inú Pijó Ẹ̀gbọ́n Bísíríyù

Ajé, 5 Èrèlè 2024

Hafeezah ìyàwó mi ló ra ìwé yìí fún mi ní ọjà Benson. Ó ní kí n máa kọ ìbínú mi síbẹ̀, kí n yé fi ọwọ́ kọ ọ́ sójú ènìyàn. Ó dáa. Mo ti ń kọ ọ́. Ó tún sọ èkejì, kò tiẹ̀ gbé ohùn sókè: bí mo bá tún na ẹnikẹ́ni, òun á gbé Ameerah ọmọ wa, òun á padà sílé bàbá òun ní Ẹ̀pẹ́. Gbogbo èyí nítorí ọlọ́kadà tó fi táyà gun géèjì tí mo fi ń wọn gáàsì mọ́lẹ̀ níwájú ṣọ́ọ̀bù mi ní Ìgbògbò, níbi tí mo ti ń tún éèsì ọkọ̀ ṣe. Eyín rẹ̀ kan péré ló yọ. Hafeezah ní méjì ni.

Ìṣẹ́gun, 6 Èrèlè

N kò na ẹnikẹ́ni.

Ọjọ́bọ̀, 8 Èrèlè

Ẹ̀gbọ́n Bísíríyù, ẹ̀gbọ́n Hafeezah, gbé Pijó rẹ̀ wá láti Ẹ̀pẹ́. Ọkọ̀ tó ti lé lọ́gbọ̀n ọdún. Ahun ni mò ń pè é nínú ọkàn mi — àna ni, n kò gbọdọ̀ pè é bẹ́ẹ̀ létí ẹnikẹ́ni. Éèsì ọkọ̀ náà ti kú. Gáàsì àtijọ́ ló ń lò, èyí tí wọn ò tà mọ́ torí ó ń ba òfurufú jẹ́. Ó ní kí n yí i sí ti tuntun.

Mo ní iṣẹ́ wà níbẹ̀ o. Mo máa fọ òróró àtijọ́ kúrò nínú gbogbo páìpù, torí òun àti gáàsì tuntun ò lè jọ gbé. Mo máa pààrọ̀ àwọn rọ́bà oríkèé. Họ́ọ̀sì náà gbọ́dọ̀ kúrò, torí gáàsì tuntun a máa yọ́ jáde lára họ́ọ̀sì àtijọ́. Ó gba gbogbo rẹ̀, àfi họ́ọ̀sì. Ó ní, “Qamar, họ́ọ̀sì yìí á sin èmi àtìẹ.”

Inú bí mi. Mo fi sípánà lu ilẹ̀. Ilẹ̀ kì í ṣe ènìyàn.

Àbámẹ́ta, 10 Èrèlè

Mo parí Pijó. Mo fi pọ́ǹpù fa afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ gbẹ, mo rọ gáàsì tuntun, mo dín in díẹ̀ sí ti àtijọ́ bó ṣe yẹ. Ó tutù! Ẹ̀gbọ́n gbé ojú síbi tí afẹ́fẹ́ ti ń jáde, ó dijú, ó ń ṣàdúrà fún mi. Hafeezah rẹ́rìn-ín. Mo fẹ́ràn ẹ̀rín yẹn ju oúnjẹ lọ.

Ọjọ́rú, 21 Èrèlè

Ooru. Iná ò sí. Ṣọ́ọ̀bù kún, gbogbo oníbàárà ló ń bínú. Ahun pè lórí fóònù: éèsì ò tutù bíi ti tẹ́lẹ̀ mọ́. Họ́ọ̀sì ni, mo ti sọ. Ó tún pè. Ó tún pè. Mo bú jáde: “Ẹ̀gbọ́n, ẹ ra gáàsì, kẹ́ ẹ rọ ọ́ sí i, kẹ́ ẹ jẹ́ n rímú mí!” Mo ju fóònù mọ́ ògiri. Hafeezah, tó gbé oúnjẹ wá fún mi, ṣa àfọ́kù rẹ̀ nílẹ̀.

Ògiri náà kì í ṣe ènìyàn.

Àìkú, 25 Èrèlè

Orí fóònù Hafeezah ni wọ́n pè sí. Pijó gbiná. Bísíríyù ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì nígbà tí ẹ́ńjìnnì ń ṣiṣẹ́, họ́ọ̀sì là, iná sọ, ó jó o láti ọrùn dé ìdodo. Ó wà ní ọsibítù, kò lè sọ̀rọ̀.

Gáàsì ìdáná ni wọ́n rọ sínú éèsì! Gáàsì tí a fi ń se ẹ̀wà! Tìrìmísíyù ló rọ ọ́, ẹni tó ń tún fíríìjì ṣe ládùúgbò wọn. Òpònú. Apànìyàn. Mo fẹ́ pa á. Mo kọ ọ́ síbí kó lè dúró síbí: mo fẹ́ pa á.

Hafeezah dì mí láṣọ mú. “Bàbá Ameerah, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má lọ.” Ó tún fẹ́ sọ nǹkan míì. N kò dúró gbọ́.

Ajé, 26 Èrèlè

Mo lọ.

Tìrìmísíyù jókòó sórí àpótí ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ní Ẹ̀pẹ́, ó ń jó páìpù fíríìjì. Ó ní, “Ọ̀gá Qamar, ẹ káàbọ̀, mo ti fẹ́ rí yín —” Mo gbá a létí. Ó ṣubú lé fíríìjì, mo tẹ̀lé e. Ẹ̀ṣẹ́, ìgbọ̀nwọ́, orúnkún. Ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ta sí mi létè, mo tọ́ ọ wò, n kò dáwọ́ dúró. Ó ń sọ pé “ẹ̀yin lẹ —”, mo fọ́ ọ̀rọ̀ náà mọ́ ọn lẹ́nu. Mo gbọ́ bí àgbọ̀n rẹ̀ ṣe dún, bí igi gbígbẹ. Àwọn apẹja tó ń kọjá ló fà mí kúrò lórí rẹ̀.

Ọwọ́ mi wú. Kí n má purọ́ fún ìwé: ó dùn mọ́ mi.

Ọjọ́rú, 28 Èrèlè

Hafeezah ti gbé Ameerah lọ sí Ẹ̀pẹ́ lánàá, ó ní òun fẹ́ tọ́jú ẹ̀gbọ́n òun. Mo ṣí àpótí rẹ̀ wò. Aṣọ rẹ̀ ṣì wà níbẹ̀. Ṣebí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ náà ni mo gbèjà? Kò lè ka èyí mọ́ mi lọ́rùn. Kò lè ṣe é.

Àbámẹ́ta, 2 Ẹrẹ́nà

Alhaji Àlíyù, bàbá Hafeezah, pe gbogbo wa sílé rẹ̀. Tìrìmísíyù wà ní igun, wọ́n fi báńdéèjì di àgbọ̀n rẹ̀ mọ́ orí, kò lè la ẹnu. Mo rojọ́. Mo ní ẹni tó rọ gáàsì ìdáná sínú ọkọ̀, ẹ̀ṣẹ́ kéré fún un. Àwọn àgbà ń mi orí sí mi. Ọkàn mi balẹ̀.

Alhaji ní, “Ọ̀rọ̀ ló ń yọ obì lápò, òun náà ló ń yọ ọfà lápó. Ta ló ní kí wọ́n rọ gáàsì?”

Hafeezah dìde. Láti ọjọ́ tí mo ti fẹ́ ẹ, “ẹ” ló ń pè mí.

“Ìwọ ni,” ló wí. “Ìwọ lo pariwo lórí fóònù, mo gbé abọ́ oúnjẹ rẹ dání. O ní kí wọ́n ra gáàsì. O ò sọ èwo. Nílé yìí, tí wọ́n bá ní kéèyàn lọ ra gáàsì, sílíńdà ló máa gbé. Tìrìmísíyù kọ̀ ọ́, Ẹ̀gbọ́n ló sọ fún un pé ìwọ tó o mọ iṣẹ́ lo ní kí wọ́n ṣe é. Mo fẹ́ sọ fún ọ kó o tó lọ nà án. Ẹ̀rù rẹ bà mí.”

Òótọ́ ni. Mo gbọ́ ohùn ara mi, kedere. Ojú tì mí, ìtìjú náà sì di iná lára mi lójú ẹsẹ̀. Ọwọ́ ọ̀tún mi ti wà lókè kí n tó mọ̀. Níwájú bàbá rẹ̀. Hafeezah ò yẹ orí. Àwọn àgbà jókòó, kò sẹ́ni tó mira.

Tìrìmísíyù ló dìde. Ọkùnrin tí mo fọ́ lágbọ̀n. Ó rìn wá, ó dúró láàárín èmi àti ìyàwó mi, ó gbé ojú rẹ̀ tó wú sókè sí ọwọ́ mi, kò sì kúrò níbẹ̀.

Mo sọ ọwọ́ mi kalẹ̀. Èmi nìkan ni mo wọ mọ́tò padà sí Ìgbògbò.