Ẹ̀rọ Tó Ń Gbọ́ Igbe Ọmọ

Màmi mi ọ̀wọ́n,

Mo kí yín o, mo kí Bàámi, mo kí ẹ̀gbọ́n mi Èjìdé àti gbogbo ará ilé. Ṣé orúnkún tí kò jẹ́ kí ẹ tíì wá ti fúyẹ́? Àlàáfíà la wà ní Makepe ní Douala níbí. Ọjà ń tà fún Fùwàd, ọkọ mi, Barakatullahi sì ti ń gbé ọrùn dúró.

Alhaja tó ń bọ̀ nílé ni mo fi ìwé yìí rán, torí Fùwàd kì í jìnnà tí a bá ń sọ̀rọ̀ lórí fóònù.

Ẹ mọ̀ pé láti kékeré ni mo ti ń tú rédíò. Èéfín irin tí mo fi ń jó wáyà kò dáa fún ọmọ ẹ̀yìn mi, yàrá ni mo máa ń tẹ́ ẹ sí tí mo bá ń ṣiṣẹ́. Mo wá fi fóònù àtijọ́ àti iná tọ́ọ̀ṣì ṣe ẹ̀rọ kan: bí ọmọ bá ké ní yàrá, iná á tàn níwájú mi.

Inú Fùwàd dùn ju tèmi lọ. Ó ń gbé e han ará mọ́sáláṣí, ó ní ẹnjiníà ni ìyàwó òun. Àṣé ó ti pè yín pé kí ẹ má wulẹ̀ wá wẹ ọmọ mọ́, pé ẹ̀rọ ń bá mi tọ́jú rẹ̀! Ṣé ẹ̀rọ ń wẹ ọmọ ni? Iná á tàn, màá dìde; kí n tó jókòó, ó tún ti tàn. N kì í kọjá ẹnu ọ̀nà mọ́. Ọwọ́ ara mi ni mo fi so ara mi mọ́lẹ̀.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dá a lóhùn. Ẹ mú kànìnkànìn àti òrí, kí ẹ máa bọ̀. Ẹ ó pẹ́ fún wa o.

Bí Barakatullahi bá sunkún, iná á tàn. Èmi náà ń sunkún, Màmi, iná kankan kì í tàn.

Nùsíràt yín