Alpha Inú Lẹ́tà Yábàá

Ọjọ́ kẹrìnlá oṣù kẹwàá, 2024. Ó pé ogójì ọjọ́ lónìí tí ìyá rẹ kú.

Fàdìlàt, a ti rí bàbá-bàbá ìyá rẹ tó ń tọ́jú ọ̀bọ fún àwọn dókítà tó ń ṣèwádìí ibà pọ́njú ní Yábàá. "Alpha" inú lẹ́tà tí dókítà òyìnbó kọ sí ìyàwó rẹ̀, tí láíbìrì ní ọ̀bọ ni, Àáfà ni! Mo pè wọ́n láàárọ̀: "Dókítà ní Alpha ń fọ ẹsẹ̀ lẹ́ẹ̀marùn-ún lójúmọ́. Ọ̀bọ wo ló ń kírun?" Haydée tó ń tọ́jú lẹ́tà níbẹ̀ ní kí n máa bọ̀, òun á tún àkọsílẹ̀ wọn kọ lójú mi.

Mo máa ń sọ fún ìyá rẹ pé àṣedànù ni bó ṣe ń wá a kiri. Mo jẹ̀bi.

Mo fi ìrẹsì rẹ sílẹ̀ lórí tábìlì, àti kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀, àti ìwé ìyá rẹ. Mo ṣí i síbi tó ti kọ ọ́ lọ́dún tó kọjá: "Àbí Àáfà ni?"