Ìdajì Ọ̀rọ̀ Yín Tó Dé Ìlú Ọba

Aba mi ọ̀wọ́n,

Àwọ̀n tí ẹ fi sílẹ̀ ṣì wà lórí ìkọ́ lẹ́yìn ilé. Ìyé tó bí mi kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kàn án. Ìdajì rẹ̀ lẹ ti hun kí àìsàn tó gbé yín dè, abẹ́rẹ́ yín sì há síbi tí ẹ dúró sí títí di àná. N kò lè bá yín parí rẹ̀, nítorí kò sí irú òwú Jàpáànù tí ẹ fi hun ún mọ́ ní gbogbo etíkun wa. Ìjọba ti dínà mọ́ ọn. Ẹ̀rín ìbá pa yín bí ẹ bá gbọ́ ìdí rẹ̀: wọ́n ní àánú wa ló ṣe wọ́n.

Ṣé ẹ rántí ọ̀gá kọ́mpínì tó wá sọ́dọ̀ wa lọ́jọ́ yẹn, òyìnbó tó fi ọwọ́ méjèèjì di ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ mú bí ẹni pé ẹṣin tó fẹ́ gbé e ṣubú ni? Ó mú òwú méjì wá. Ọ̀kan ni ti Jàpáànù, èyí tí Lámídì ń fi ọkọ̀ rẹ̀ kiri láti odò dé odò. Èkejì ni ti Ìlú Ọba, èyí tí sọ́ọ̀bù kọ́mpínì náà ń tà ní ọ̀wọ́n. Ó ní kí ẹ bá òun dán wọn wò, torí láti Abereke dé Etikan kò sẹ́ni tí kò mọ̀ pé ẹ mọ àwọ̀n. Inú yín dùn. Tèmi dùn jù bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí èmi tíṣà ni wọ́n ní kí n ṣe ògbùfọ̀.

Ẹ ṣe é bí ẹ ti máa ń ṣe é. Ẹ so òwú méjèèjì mọ́ òpó ilé wa lábẹ́ omi ní funfun báyẹn, láìsè wọ́n pẹ̀lú èèpo ẹ̀gbà, igi etí omi tó ń mú òwú le, kí ẹ lè rí ìhòòhò wọn. Nígbà tí oṣù kan pé, ẹ yọ wọ́n, ẹ fi eyín di wọ́n mú, ẹ fà wọ́n. Lẹ́yìn náà lẹ wá sọ̀rọ̀ bí àwọn ènìyàn wa ti ń sọ ọ́ tí wọ́n bá ń jẹ́rìí ohun èlò. Ẹni tó bá ń ta ọkọ̀ níhìn-ín, ibi tó ti ń jò ló kọ́kọ́ máa ń fi han oníbàárà. Bó bá fi ìyìn bẹ̀rẹ̀, oníbàárà á gbálé ẹ̀ lọ. Àléébù lẹ̀yin náà fi bẹ̀rẹ̀.

“Òwú Jàpáànù yìí, bí a bá lò ó ní funfun, kíá ni omi iyọ̀ á jẹ ẹ́.”

Mo túmọ̀ rẹ̀. Òyìnbó kọ ọ́ sílẹ̀. Ẹ mí kanlẹ̀ kí ẹ tó bọ́ sórí dáadáa rẹ̀: pé bí a bá ti sè é pẹ̀lú èèpo ẹ̀gbà, bí gbogbo wa ti ń sè gbogbo òwú, ó ń pẹ́ ju ti Ìlú Ọba lọ, kì í sì í gé ènìyàn lọ́wọ́. Ẹ kò tíì la ẹnu tí ọkùnrin náà fi pa ìwé rẹ̀ dé.

“Ó tó,” ló sọ fún mi lédè Gẹ̀ẹ́sì. “Sọ fún bàbá pé a dúpẹ́.”

“Wọn ò tíì sọ̀rọ̀ tán, sà.”

“Mo ti gbọ́ èyí tí mo fẹ́ gbọ́.”

Mo yíjú sí yín, mo ní wọ́n dúpẹ́. Ẹ wò mí títí.

“Ṣé òyìnbó yìí ò ra ọkọ̀ rí ni?”

Ìyé rẹ́rìn-ín láti ibi tí wọ́n ti ń yan ẹja. Èmi náà rẹ́rìn-ín. N kò túmọ̀ ìyẹn fún un.

Mo ṣì ń ka ìwé ìròyìn Èkó fún àwọn ènìyàn ní èbúté lẹ́yìn ìsìn. Lámídì kì í wá sí ṣọ́ọ̀ṣì, mùsùlùmí ni, ṣùgbọ́n òun ló máa ń jókòó sún mọ́ mi jù. Ní ọjọ́ ìsinmi tó kọjá, mo kà á fún wọn bí àwọn tó ni ẹ̀rọ òwú ní Ìlú Ọba ṣe tọ ìjọba lọ, tí ìjọba sì gbọ́ tiwọn bí ọmọ tó gbọ́ràn sí bàbá rẹ̀ lẹ́nu. Ta ni ìbá sì gbọ́ bí kò ṣe àwọn fúnra wọn? Ẹni tó ń ta òwú láàárọ̀ ló ń jókòó nínú ìgbìmọ̀ lọ́sàn-án. Wọ́n wá kọ ọ́ pé nítorí kí ọjà burúkú má baà tan àwọn òtòṣì adúláwọ̀ jẹ ni. Ẹlẹ́rìí wọn sì wà nísàlẹ̀ ìwé: àgbà ahunwọ̀n kan ní etíkun, tó fi ẹnu ara rẹ̀ sọ pé kíá ni omi iyọ̀ ń jẹ òwú Jàpáànù.

Ojú nìkan ni mo fi ka ìyẹn, n kò kà á síta.

“Parí ẹ̀, Tíṣà,” ni Lámídì wí. “Ètè rẹ ń mì, a ò gbọ́ nǹkan kan.”

“Ó ti tán.”

“Ìwé tó fẹ̀ tó báyìí? Àbí àwa la jẹ ìyókù?”

Gbogbo èbúté rẹ́rìn-ín. Mo ká ìwé náà, mo fi í sínú àpótí mi.

Aba, mo ti ka ìwé púpọ̀. Mo gbà gbọ́ tẹ́lẹ̀ pé ọ̀rọ̀ tó wà láàárín orílẹ̀-èdè kan àti òmíràn jinlẹ̀ kọjá òye wa, pé àwọn ọlọ́gbọ́n ló ń jókòó wọ̀n ọ́n. Òwú ni o! Ẹ̀rọ ọkùnrin kan kò rí oníbàárà, ìlú méjì sì bẹ̀rẹ̀ sí í le ojú mọ́ ara wọn. Bí òwú wọn bá dára, kí ló dé tó fi jẹ́ òfin ni yóò gbé e wá bá wa? Òfin kankan kò gbé ti Lámídì wá. Àjẹ̀ ló fi wà á wá. Ìṣáná àti ọṣẹ ló ń tà báyìí.

Ó dùn mọ́ mi láti máa tẹ́ńbẹ́lú wọn. Ó dùn jù. Ṣùgbọ́n ọ̀gá yẹn, ìwé rẹ̀ ló pa dé. Ẹnu yín lèmi pa dé, mo sì tún ṣe irú rẹ̀ ní èbúté. Mo ń sọ fún ara mi pé n kò fẹ́ kí wọ́n pè yín ní ẹlẹ́rìí òyìnbó. Ṣé òótọ́ ni? Àbí páànù tí kọ́mpínì fi bo ilé ẹ̀kọ́ wa, àti àga mi lábẹ́ rẹ̀, ni mò ń dáàbò bò? Ṣé ẹ mọ̀ níbi tí ẹ wà? Ní ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n ní ẹ ń sinmi. Àwọn ìwé kan tí mo kà ní òkú kò mọ nǹkan kan.

Mo ti kọ lẹ́tà sí oníwèé ìròyìn. Mo fi àléébù bẹ̀rẹ̀, bí ẹ ti kọ́ mi: èmi ni ògbùfọ̀ ọjọ́ náà, èmi ni mo gé ọ̀rọ̀ bàbá mi sí méjì. Lẹ́yìn náà ni mo kọ ìdajì kejì. Ní ọjọ́ ìsinmi tó ń bọ̀, n óò kà á ní èbúté kí n tó fi ránṣẹ́, n óò sì ka ìwé inú àpótí tán pẹ̀lú. Iwájú ni Lámídì yóò jókòó sí. N kò mọ̀ bóyá yóò rẹ́rìn-ín.

Ìyé ni mo kọ́kọ́ kà á fún. Wọ́n dìde, wọ́n lọ yọ abẹ́rẹ́ yín nínú àwọ̀n, wọ́n sì fi í lé mi lọ́wọ́.

“Fi òwú Ìlú Ọba tiwọn parí ẹ̀,” ni Ìyé wí, “kí gbogbo ayé lè rí ibi tó ti yí padà.”

Èmi ni,
ọmọ yín tó já lu ọ̀rọ̀ yín, tí àárò yín ń sọ.