Ṣámpù Tí Kò Ní Òórùn

Ọjọ́ Ajé, 2 Oṣù Kẹta

Orí Ẹ̀gà tún ti bó. Ọmọ mi obìnrin kan ṣoṣo — Ẹ̀gà ni mo ń pè é, torí ẹnu rẹ̀ kì í sinmi. Lónìí ó sinmi. Ó jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì, ó ń họ orí, ẹ̀jẹ̀ wà lábẹ́ èékánná rẹ̀. Ṣámpù ọlọ́sàn wẹ́wẹ́ yẹn ni. Mo dà á nù. Òórùn rẹ̀ dára, ìwà rẹ̀ ò dára.

Ọjọ́rú, 4

Mo ra èyí tí wọ́n ya ọmọ ọwọ́ sí lára. Ọmọ ọwọ́ ń rẹ́rìn-ín. Ẹ̀gà ń sunkún.

Ọjọ́ Ẹtì, 6

Tíṣà rẹ̀ dá a padà sílé. Àwọn òbí yòókù ń ráhùn, wọ́n ní làpálàpá ni, pé á ran àwọn ọmọ tiwọn. Mo ní kì í ṣe làpálàpá. Tíṣà ní òun gbà, ṣùgbọ́n kí n ṣáà jọ̀ọ́, kó dúró sílé títí orí á fi jinná.

Ọ̀gá mi níbi iṣẹ́ ìránṣọ náà ní tirẹ̀ láti sọ. Aṣọ iléèwé kún ilẹ̀, ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ pa iṣẹ́ jẹ. Ọpẹ́lọpẹ́ Màámi, ìyá ọkọ mi. Ọ̀gbẹ́ni Mò-ń-bọ̀ — ọkọ mi, awakọ̀ àjàgbé tí kì í gbélé — ló mú wọn wá bá wa lẹ́yìn ọdún, ó ní kí wọ́n máa bá mi mójú tó ọmọ.

Ọjọ́ Ajé, 9

Dókítà awọ ara. A jókòó títí ìdí fi kú. Ó ní kì í ṣe àrùn tó ń ràn, awọ ọmọ yìí ni kì í gba gbẹ̀rẹ́. Kí n wá ṣámpù tí kò ní òórùn rárá. Kí n kọ́kọ́ fi díẹ̀ sí ìgúnpá rẹ̀ wò. Omi lílọ́ wọ́ọ́rọ́. Ìka, kì í ṣe èékánná. Kí á gé irun náà.

Mo gé e nírọ̀lẹ́. Ó gbé dígí sórí itan, ó ń wo ara rẹ̀. Nígbà tó yá ó bi mí: "Mọ́mì, ṣé irun máa ń mọ ọ̀nà ilé?"

Ọjọ́rú, 11

Mo ti rí i! Ilé oògùn tó wà lẹ́yìn ibi iṣẹ́. Ìgò funfun. Mo gbé e símú — bí omi lásán. Mo fi sí ìgúnpá Ẹ̀gà, mo fi sí tèmi náà.

Ọjọ́bọ̀, 12

Kò sí nǹkan kan. A dúpẹ́.

Ọjọ́ Àìkú, 15

Ara orí rẹ̀ ti ń rọlẹ̀. Èmi fúnra mi ni mo fọ̀ ọ́. Kò sunkún, ńṣe ló ń ròyìn lábẹ́ omi. Láti ọ̀la Màámi á máa fọ̀ ọ́ lọ́sàn-án, torí ilẹ̀ á ti ṣú kí n tó dé. Mo ṣàlàyé títí: ìgò funfun, omi lílọ́ wọ́ọ́rọ́, ìka. Wọ́n ní, "Ṣé èmi tí mo wẹ ọkọ ẹ títí tó fi gbó ni wàá máa kọ́ ní orí fífọ̀?" A rẹ́rìn-ín.

Ọjọ́rú, 18

Ó tún ti wú. Pupa. Ṣámpù ọ̀hún náà nìyí o. Mo gbé ìgò sókè, kò tíì dín rárá. Àbí díẹ̀ náà ti pọ̀ jù?

Ọjọ́bọ̀, 19

Ó rẹ̀ mí.

Ọjọ́ Ẹtì, 20

Ẹ̀rọ ìránṣọ bàjẹ́, Ọ̀gá ní ká máa lọ sílé lọ́sàn-án. Láti ẹnu ọ̀nà ni mo ti ń gbọ́ omi ní balùwẹ̀. Ẹ̀gà ń sunkún jẹ́jẹ́. Mo yọjú.

Màámi dúró níwájú pẹpẹ. Ibẹ̀ náà ni ọṣẹ abọ́ wà — ẹ̀rọ omi kíṣìnì ò ṣiṣẹ́, balùwẹ̀ la ti ń fọ abọ́. Wọ́n ṣí ìgò funfun, wọ́n gbé e símú, wọ́n gbé e kalẹ̀. Wọ́n mú ọṣẹ olómi tí a fi ń fọ abọ́, tó ń ta sánsán bí ọsàn wẹ́wẹ́. Wọ́n gbóòórùn rẹ̀. Wọ́n dà á sí àtẹ́lẹwọ́.

Mo já a gbà. Mo pariwo mọ́ wọn — Ọlọ́run má bínú. Wọ́n ní, "Ṣé kì í ṣe ṣámpù nìyẹn?" Mo ní, "Màámi, ẹ wò ó!" Wọ́n yíjú sí mi. Ojú wọn ò bọ́ sí ara mi. Ògiri ẹ̀gbẹ́ mi ni wọ́n ń wò.

Mo fi omi ṣan orí ọmọ dáadáa. Lẹ́yìn náà mo jókòó tì wọ́n. Wọ́n ní òjìji lásán ni wọ́n ń rí. Ìdí nìyẹn tí wọn kì í fi í bá mi ṣa ẹ̀wà, tí wọ́n á ní ẹ̀yìn ń dun àwọn. Òórùn ni wọ́n fi ń dá ìgò mọ̀. Èyí tí mo rà ò lóòórùn, wọ́n rò pé omi ni. "Mò ń dá ọmọ mi lóró, mi ò mọ̀." Wọ́n sunkún. Mo fẹ́ bínú. Agbára rẹ̀ ò sí.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 21

Mo pe Ọ̀gbẹ́ni Mò-ń-bọ̀. Mo rọra sọ ọ́, torí ìyá ẹni ni. Mo ní Màámi ò ríran mọ́. Mò ń retí kó figbe ta.

Ó ní, "Mo mọ̀."

Mo ní láti ìgbà wo.

Ó ní kí òun tó mú wọn wá ni. Pé dókítà ti ní wọn ò gbọdọ̀ dá gbé mọ́. Pé tí òun bá sọ fún mi, mo lè kọ̀.

Mo ní, "Ọmọ ẹ ló forí gbà á." Mo pa fóònù.

Màámi ti gbọ́ gbogbo rẹ̀. Nígbà tí mo wọ yàrá, wọ́n ń fọwọ́ tá bẹ́ẹ̀dì, wọ́n ń wá aṣọ wọn, wọ́n ń kó o sínú báàgì. Mo gbà á lọ́wọ́ wọn. Mo ní kí wọ́n jókòó. Dókítà ojú ń rí èèyàn lọ́jọ́ Ajé, àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta la jọ ń lọ. Bó bá wu Ọ̀gá, kó lé mi.

Ti Màámi ti yé mi. Ti ọmọ wọn ni mi ò tíì mọ bí mo ṣe máa ṣe é.