Atẹ́gùn Tí Ẹ Fẹ́ Sí I Lẹ́nu

Bàbá mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Iṣẹ́ tíṣà yín lèmi náà ń ṣe báyìí, ní Ìjagbo. Lánàá, ọmọ kan béèrè ohun tí "fẹ́" túmọ̀ sí. Mo ní à ń fẹ́ iná kó lè jó, à ń fẹ́ atẹ́gùn sí bọ́ọ̀lù kó lè le. Ó ní ṣé a lè fẹ́ èèyàn? Gbogbo kíláàsì bú sẹ́rìn-ín, wọ́n rò pé ọ̀rọ̀ ìyàwó ló ń sọ. Èmi ò lè rẹ́rìn-ín. Ìdí réluwé l'Ọ̀fà lọkàn mi lọ.

Mo ṣì kéré nígbà yẹn, ilé ìwé la ti ń bọ̀, ẹ di ọwọ́ mi mú. Wọ́n ń lu ọkùnrin kan níbẹ̀, wọ́n ní ó jí alùpùpù. Kùmọ̀, irin, òkúta. Mo gbọ́ bí egungun apá rẹ̀ ṣe kán. Nígbà tí kò mí mọ́, wọ́n fi í sílẹ̀, wọ́n lọ wá bẹntiróòlù. Ẹ fi ọwọ́ mi sílẹ̀. Ẹ kúnlẹ̀ sínú ẹ̀jẹ̀, ẹ fi ìka yọ eyín tó kán lẹ́nu rẹ̀, ẹ dí imú rẹ̀, ẹ wá ń fẹ́ atẹ́gùn sí i lẹ́nu. Àyà rẹ̀ ń gbé sókè, ó ń wálẹ̀.

"Ẹ wo Tíṣà, ó ń fẹnu ko olè lẹ́nu!" Ẹnì kan ló pariwo bẹ́ẹ̀.

Ọkùnrin náà wúkọ́, ó lajú. Ikọ́ yẹn ni wọ́n gbọ́ tí wọ́n fi padà. Wọ́n fi irin gbá yín ní ẹ̀rẹ̀kẹ́, ẹ ṣubú lé mi. Ìṣojú wa ni wọ́n ṣe dáná sun ún láàyè. Ó ń ké.

Ṣé ẹ kábàámọ̀ pé ẹ jí i? Ká ní ẹ ò fọwọ́ kàn án ni, kò ní mọ̀gbà tí iná bá a. Mo máa ń bínú sí yín nítorí ẹ̀. Mo tún máa ń bínú pé nínú gbogbo èrò yẹn, ẹ̀yin nìkan lẹ kúnlẹ̀. Apá kan ẹnu lẹ fi ń jẹun títí ẹ fi kú, ẹ ò sì ráhùn.

Ìyá ọkùnrin náà wá láti Òjòkú, ó jókòó sí pálọ̀ wa. Ó ní, "Tíṣà, ṣé ó sọ nǹkan kan?"

Ẹ̀rẹ̀kẹ́ yín ṣì wú, ọ̀rọ̀ ò já geere. Ẹ ní, "Ó pè yín, Màmá. Ẹ̀yin ló pè."

Ó di ẹsẹ̀ yín mú, ó sunkún títí ó fi rẹ̀ ẹ́. Lẹ́yìn náà ló tó gbà láti jẹ ẹ̀kọ tí a gbé fún un.

Mo wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín lọ́jọ́ tí wọ́n sun ún, Bàbá. Mi ò gbọ́ kó pe ẹnikẹ́ni. Ṣé ẹ̀yin gbọ́ ọ?

Èmi ni,
ọmọ yín tí àárò yín ń sọ.